Orí Keje: Ohun tí Rírọ ní Tútù Ń Ṣe sí Ètò Kírísítálì Mẹ́tàlì Arántí-Ìrísí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ohun kan ni ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí òòlù sì ń fà yọ lára irin kò mọ sí gígùn àti fífẹ̀ tí ojú ń rí; ó ń dé inú lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn átọ́ọ̀mù tò sí ní ìlà-ìlà, ó ń tú èyí tí ó tò, ó sì ń há àwọn mìíràn mọ́ ibi tí kì í ṣe ipò wọn. A ti rí i nínú orí tí ó ṣáájú èyí bí bàbà, idẹ àti irin lásán ti ń ṣe bí a bá lù wọ́n láìfi iná sí i: wọn a le sí i, wọn a sì ṣòro í tẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mẹ́tàlì tí orí yìí dá lé lórí tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, bí a bá ká a, bí a bá lọ́ ọ bí ó ti wù kí a lọ́ ọ, kìkì pé kí a má ṣe kọjá ààlà, gẹ́rẹ́ tí ooru bá kàn án ni yóò nà padà sí ìrísí tí a ti kọ́kọ́ fi mọ́ ọn lára. Òun ni a ń pè ní mẹ́tàlì arántí-ìrísí. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé, nígbà tí ó jẹ́ pé inú bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò ni ìrántí yìí ń gbé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí a bá fi òòlù, rólà tàbí ihò ìfawáyà da ètò náà rú?

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí rírọ ní tútù jẹ́ kí ó yé ara wa. Kì í ṣe pé kí mẹ́tàlì náà tutù bí omi àmù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a lù ú, kí a fà á tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ooru ara rẹ̀ kò tíì tó èyí tí hóró kírísítálì tuntun fi lè hù nínú rẹ̀ láti gba ipò èyí tí ó bàjẹ́. A máa ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wọn bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó, nípa wíwo bí ojú ibi tí a gé wáyà náà ti kéré sí i tó. Bí a bá mú wáyà tí ìwọ̀n ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.00, tí a sì fà á gba inú ihò títí ó fi di 0.80, akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni a mú kúrò. Ṣùgbọ́n ojú tí a gé ni a ń wọ̀n, ó sì ń lọ pẹ̀lú ìlọ́po-ara ìdábùú náà. Èsì rẹ̀ ni 0.64, èyí tí ó fi hàn pé ìdá 36 ni iṣẹ́-tútù tí wáyà náà gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, nítorí pé àárín ìdá 30 sí 50 ni àwọn oníṣẹ́ wáyà arántí-ìrísí sábà máa ń ṣe, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn síwájú.

Nínú gbogbo mẹ́tàlì arántí-ìrísí, èyí tí a mọ̀ jù, tí a sì lò jù, ni Nitinol, àdàlù níkẹ́ẹ̀lì àti títáníọ́ọ̀mù tí iye átọ́ọ̀mù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kì í ṣe òun ni àkọ́bí wọn. Ní ọdún 1932 ni Ölander ti rí irú ìwà yìí lára àdàlù wúrà àti kádímíọ́ọ̀mù, ní 1938 sì ni Greninger àti Mooradian rí i lára idẹ, ìyẹn àdàlù bàbà àti síǹkì, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa náà ti ń lù láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ṣùgbọ́n Nitinol ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí tábìlì àwọn onímọ̀ wá sínú ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó rí i ni William Buehler, onímọ̀ mẹ́tàlì ní ilé ìwádìí ohun ìjà àwọn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní White Oak ní ìpínlẹ̀ Maryland. Mẹ́tàlì tí yóò lè fara da ooru ní imú ọta olóró ni ó ń wá ní ọdún 1959. Ó yọ́ ọ̀pá mélòó kan nínú iná ìléru, ó sì gbé èyí tí ó ti tutù nínú wọn lọ síbi tí wọn yóò ti lọ̀ ọ́. Ọ̀kan bọ́ sórí ilẹ̀ kọnkéré, ó dún gbì, ohùn rẹ̀ kú. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà pé bóyá ó ti sán nínú. Ó padà lọ mú èyí tí ó ṣì gbóná, ó sọ ọ́ sílẹ̀, èyí sì hó gan-an-an bí agogo. Ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi mímu tí ó sún mọ́ ọn jù, ó fi omi tútù tu èyí tí ó gbóná náà, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀: ohùn kú. Ó fi omi híhó mú èyí tí ó tutù gbóná: ohùn agogo padà wá. Etí ni Buehler fi kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí lára àdàlù yìí, pé mẹ́tàlì kan náà ní ètò méjì nínú, ọ̀kan fún ìgbà ooru, ọ̀kan fún ìgbà òtútù. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, níbi ìpàdé kan tí wọ́n gbé pẹ́pẹ́ Nitinol tí a ti ká ní ìkáńkáá kiri tábìlì, David Muzzey, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, fi iná ìtanná ìkòkò tábà rẹ̀ sún un, pẹ́pẹ́ náà sì na ara rẹ̀ tán pátápátá lójú gbogbo wọn.

Ètò ìgbà ooru ni a ń pè ní ọ́sítẹ́náìtì. Ẹ fojú inú wo àpótí kékeré kan tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, tí gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 0.30 nánómítà, tí átọ́ọ̀mù títáníọ́ọ̀mù wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí níkẹ́ẹ̀lì kan sì jókòó ní àárín gbùngbùn wọn. Bí mẹ́tàlì náà bá tutù dé ibì kan, àpótí yìí yóò wọ́: ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ kò ní dọ́gba mọ́, igun kan nínú rẹ̀ yóò sì kúrò ní 90° bọ́ sí nǹkan bí 97°. Èyí ni mátẹ́nsáìtì. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú gírígírí níhìn-ín ni pé kò sí átọ́ọ̀mù kankan tí ó rin ìrìn àjò nínú àyípadà yìí. Gbogbo wọn ni ó sún díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí èrò tí ó tò sí ìlà níbi ìsìnkú ọba ti ń jọ tẹ̀ sí apá kan láìsí ẹni tí ó fi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé aládùúgbò kò yí padà, ọ̀nà àbọ̀ kò sọnù. Níbẹ̀ gan-an ni ìrántí mẹ́tàlì náà wà, kò sí ní ibòmíràn.

Àpótí náà kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè gbà wọ́. Ọ̀nà 12 ni ó ní, a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà. Bí a bá mú Nitinol tutù láìfọwọ́ kàn án, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí yóò tò pọ̀ ní ìbejì-ìbejì, èyí wọ́ sọ́tùn-ún, ìkejì wọ́ sósì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nyí yóò fi pa ìwọ́ ara wọn rẹ́, tí ìrísí mẹ́tàlì náà lóde kò sì ní yí padà rárá. Ìgbà tí a bá wá tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀yà tí ó bá ọwọ́ wa mu yóò máa gbilẹ̀, tí yóò máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyókù, mẹ́tàlì náà yóò sì tẹ̀ wọ́rọ́wọ́ láìjẹ́ pé ohunkóhun fọ́ nínú rẹ̀. A lè nà án báyìí dé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀, nígbà tí irin lásán kò lè gba ìdá kan ṣoṣo kí ó má dúró bẹ́ẹ̀ títí láé. Bí ooru bá wá kàn án, gbogbo ẹ̀yà, èyí tí ó gbilẹ̀ àti èyí tí ó pàdánù, ni yóò padà di ọ́sítẹ́náìtì kan náà, nítorí pé ilé kan ni gbogbo wọn ti jáde. Ìwọ̀n ooru tí àbọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni a ń kọ ní As, ibi tí ó parí sí ni Af. Ibi tí mátẹ́nsáìtì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mẹ́tàlì ń tutù ni Ms. Af sábà máa ń ga ju Ms lọ, àlàfo tí ó wà láàrin lílọ àti àbọ̀ a sì máa tó 20 sí 40°C.

Wàyí o, bí a kò bá dáwọ́ dúró ní ìdá 8 yẹn ńkọ́? Rírọ ní tútù gan-an bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yà tí ó bá ọwọ́ wa mu bá ti gba gbogbo ilẹ̀ tán, kò sí ọ̀nà ìrọ̀rùn mọ́. Bí a bá ṣì ń fipá mú un, pẹpẹ átọ́ọ̀mù kan yóò yọ̀ lórí èkejì, aládùúgbò àtijọ́ yóò sì pín níyà. Ìyọ̀ yìí kì í ṣẹlẹ̀ lójú kan náà káàkiri pẹpẹ. Ó ní ìlà kan tí ó jẹ́ ààlà láàrin apá tí ó ti yọ̀ àti apá tí kò tíì yọ̀, ìlà náà ni a ó máa pè ní ìlà àṣìtò. Nínú mẹ́tàlì tí a fi iná tù lára dáadáa, gígùn ìlà àṣìtò tí a lè kó jọ nínú mítà onígun kan jẹ́ nǹkan bí mítà 10¹⁰ sí 10¹². Bí a bá rọ ọ́ ní tútù gidigidi, yóò di 10¹⁵, ó lè lé sí 10¹⁶. Wọ́n á wá pọ̀ débi pé wọn a máa kọlu ara wọn, wọn a máa dí ara wọn lọ́nà, mẹ́tàlì náà yóò sì le koko.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ìlà yìí ń ṣe sí ìrántí ni pé wọ́n ń há mátẹ́nsáìtì mọ́lé. Bí a bá fa wáyà Nitinol tí ó jẹ́ ọ́sítẹ́náìtì ní ooru yàrá, agbára tí a fi fà á nìkan tó láti sọ ọ́ di mátẹ́nsáìtì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nígbà tí a bá sì tú u sílẹ̀, ó yẹ kí mátẹ́nsáìtì náà padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn ìlà àṣìtò ti kan ìṣó mọ́ ààlà rẹ̀. Bí a bá tan ìtànṣán X sí irú wáyà bẹ́ẹ̀, a ó rí àmì mátẹ́nsáìtì níbi tí kò yẹ kí ó wà. Bí a bá fi sínú ẹ̀rọ tí ń wọn ooru tí mẹ́tàlì ń gbà wọlé, As rẹ̀ yóò ti lọ sókè ju ti àtijọ́ lọ, òkè àti kòtò tí ẹ̀rọ náà máa ń yà sórí pépà yóò sì ti fẹ̀, yóò ti lọ sílẹ̀, nígbà mìíràn a kò ní rí wọn rárá. Ẹ̀tàn kan sì wà níbẹ̀ tí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: As gíga yìí wà fún ìgbà àkọ́kọ́ tí a mú un gbóná nìkan. Bí ó bá ti lè la ooru náà já lẹ́ẹ̀kan, tí mátẹ́nsáìtì tí a há mọ́ sì padà sílé, nígbà kejì As rẹ̀ yóò sún mọ́ ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìtàn àbọ̀ ni ó kọ.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Bí iṣẹ́-tútù bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ yóò kúrò ní ti ìlà àṣìtò nìkan. Àwọn hóró kírísítálì yóò wó lulẹ̀ di wẹ́wẹ́, títí wọn yóò fi jẹ́ nánómítà mélòó kan péré, láàrin wọn yóò sì sí ibi tí kò ní ètò mọ́ rárá, tí àwọn átọ́ọ̀mù wà ní jágbajàgba bí wọ́n ti rí nígbà tí mẹ́tàlì náà yọ́. Ìwádìí ti fi hàn pé bí hóró ọ́sítẹ́náìtì Nitinol bá kéré ju nǹkan bí 60 nánómítà lọ, òtútù nìkan kò lè sọ ọ́ di mátẹ́nsáìtì mọ́, nítorí pé àyè tí ó há kò gba àpótí náà láyè láti wọ́. Wáyà tí ó bá wà ní ipò báyìí le, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí ohunkóhun.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò fi Nitinol sílẹ̀ láìlù ú rárá? Mo ka ìbéèrè yìí sí pàtàkì ju gbogbo èyí tí ó ṣáájú lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń yára kọjá. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Nitinol tí a fi iná tù lára pátápátá kì í ṣe arántí tí a lè gbọ́kàn lé. Ara rẹ̀ rọ̀. Agbára tí yóò mú un yọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju agbára tí yóò mú àpótí rẹ̀ wọ́ lọ. Nítorí náà, bí a bá ti ń fà á ni méjèèjì yóò máa ṣẹlẹ̀ pọ̀, ìwọ́ tí ó ní àbọ̀ àti ìyọ̀ tí kò ní àbọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ tí a sì mú un gbóná, díẹ̀ yóò kù tí kò ní nà padà, tí a bá sì ṣe é títí, ìrísí àtijọ́ yóò di ìgbàgbé. Ìlà àṣìtò tí a ti bú bí ọ̀tá ni yóò wá gbà wá níhìn-ín. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, tí wọ́n sì tò tó, wọn yóò dí ọ̀nà mọ́ ìyọ̀ tuntun, wọn kò sì ní dí ọ̀nà mọ́ ìwọ́ pátápátá. Bí a ṣe lè dé ibi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí ni iṣẹ́ gbogbo ẹni tí ń ṣe mẹ́tàlì arántí-ìrísí.

Iná ni a fi ń wá a. A ó kọ́kọ́ rọ wáyà ní tútù dé ìdá 30 sí 50, a ó dì í mọ́ ara òpó irin ní ìrísí tí a fẹ́ kí ó máa rántí, a ó sì gbé e sínú ìléru tí ooru rẹ̀ wà láàrin 450 sí 550°C fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú ooru yìí, àwọn ìlà àṣìtò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn; èyí tí ó kọjú sí ara wọn yóò pa ara wọn rẹ́, àwọn ìyókù yóò tò gẹ́gẹ́ bí ògiri kéékèèké tí ó pín hóró kọ̀ọ̀kan sí yàrá-yàrá. Ibi tí ètò ti tú ká yóò tún di kírísítálì. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí ooru náà ga jù, tàbí kí ó pẹ́ jù, hóró tuntun tí kò ní ìlà àṣìtò yóò hù, yóò gba gbogbo ilẹ̀, ara wáyà yóò tún rọ̀ bí ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ òòlù yóò sì já sí òfo. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé, bí níkẹ́ẹ̀lì bá fi díẹ̀ lé ní ìdajì, ooru kan náà yìí yóò mú kí hóró kéékèèké tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú wọn yọ jáde, níkẹ́ẹ̀lì tí ó kù nínú ilẹ̀ yóò dín kù, Ms yóò sì gòkè. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ní apá ibi tí níkẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ ju ìdajì lọ, àfikún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún iye átọ́ọ̀mù tó láti fa Ms wálẹ̀ ní nǹkan bí 10°C.

Àlejò kẹta kan wà tí ó sábà máa ń yọjú lára wáyà tí ó ti la òòlù àti iná já báyìí. Ìpò R ni wọ́n ń pè é. Dípò kí ọ́sítẹ́náìtì lọ tààrà sí mátẹ́nsáìtì, ó dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà: àpótí náà nà díẹ̀ láti igun kan sí igun òdì-kejì rẹ̀. Ìwọ́ tí mátẹ́nsáìtì ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún; ti ìpò R kò ju nǹkan bí ìdá kan lọ. Nítorí náà ìlà àṣìtò, tí ó ń dí mátẹ́nsáìtì lọ́nà gidigidi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìpò R. Ms yóò lọ sílẹ̀, ìpò R yóò sì rí àyè jáde ṣáájú rẹ̀. Àlàfo lílọ àti àbọ̀ tirẹ̀ kò tó 10°C, èyí tí ó mú kí ó wúlò fún àwọn ẹ̀rọ tí ó gbọ́dọ̀ tètè dáhùn sí ìyípadà ooru kékeré.

Kí a má baà rò pé lórí pépà nìkan ni gbogbo èyí wà, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń fa wáyà náà ní tòótọ́. Nitinol tí ara rẹ̀ mọ́ a máa lẹ̀ mọ́ ihò ìfawáyà, a sì máa ya. Nítorí náà wọn a jẹ́ kí èépá oxide tí iná mú jáde wà lára rẹ̀, òróró a sì rí ibi dì mọ́. Ihò náà, tí a fi kábáìdì tàbí dáyámọ́ńdì ṣe, ń mú díẹ̀ kúrò nínú ìdábùú wáyà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́-tútù bá ti ń sún mọ́ ìdá 50, wáyà náà kò ní gbà mọ́; bí ẹni tí ń fà á bá ṣe oríkunkun, yóò já. Wọn a dá a dúró, wọn a fi iná 600 sí 800°C tù ú lára, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀. Fífà tí ó kẹ́yìn, lẹ́yìn èyí tí a kò ní fi iná ńlá kàn án mọ́, ni ó ń pinnu iye ìlà àṣìtò tí wáyà náà yóò gbé lọ sọ́dọ̀ oníbàárà.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ nípa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà ní ẹnu àwọn tí oníṣègùn eyín ń to eyín fún. Láti nǹkan bí ọdún 1971 ni George Andreasen ti Yunifásítì Iowa ti ń sọ pé Nitinol yóò dára fún wáyà tí a fi ń to eyín. Wáyà Nitinol tí ó kọ́kọ́ dé ọjà nígbà náà jẹ́ èyí tí a rọ ní tútù gidigidi, tí mátẹ́nsáìtì inú rẹ̀ ti há mọ́lé. Orúkọ arántí ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rántí. Àwọn oníṣègùn fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé líle rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti irin aláìdípẹtà lọ, ó sì ń fi sùúrù ti eyín. Ní 1985 ni Burstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí wáyà tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, ní 1986 sì ni Miura àti àwọn tirẹ̀ ní Tokyo ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ti Japan. Ọ̀nà tí a gbà rọ àwọn wáyà méjì yìí àti iná tí a fi tù wọ́n ti yàtọ̀, ọ́sítẹ́náìtì ni wọ́n ní ooru ẹnu, agbára tí wọ́n fi ń ti eyín kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà bí eyín náà ti ń rìn. Lẹ́yìn wọn ni èyí tí a fi bàbà díẹ̀ sí dé, tí a ń tà pẹ̀lú Af 27, 35 tàbí 40°C, kí oníṣègùn lè yan èyí tí ó fẹ́. Ẹni tí ó bá ní èyí tí Af rẹ̀ jẹ́ 35 lẹ́nu, bí ó bá mu omi tútù, wáyà náà yóò dẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀; bí ó bá mu tíì gbígbóná lé e, yóò mọ̀ lára eyín rẹ̀ pé ó ti tún mú.